Bí Mo Ṣe Kun Àtíkè fún Ìyàwó Bìní

Ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra ní Bìní ni ojú àwọn obìnrin ibẹ̀. Ẹ má tíì bínú. N kò sọ ojú tí Ọlọ́run fún wọn. Ìyẹn dára, ó tilẹ̀ dára ju tèmi lọ. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kùn lé e lórí ni mò ń wí. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí a lò níbẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí a gbà ní Iyaro, mò ń wo àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan kọjá, ojú funfun, ọrùn dúdú, bí ẹni tó yá orí ẹlòmíràn lò. Òmíràn tẹ̀lé e. Òun ti fá irun òkè ojú rẹ̀ dànù pátá, ó wá fi pẹ́ńsùlù ya tuntun síbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ.

Mo pe ọkọ mi síta. "Bàbá Fẹ́mi, ẹ wá wo iṣẹ́ o! Iṣẹ́ ń rìn kiri ní títì, kò rẹ́ni ṣe é."

Báǹkì tó ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé e kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Bìní, èmi àti ọmọ méjì sì tẹ̀lé e bí ẹrù. Ó wo àwọn obìnrin náà, ó wò mí.

"Ìyá Fẹ́mi, rọra o. Ìlú onílùú la wà."

"Ṣé mo ní tiwa ni? Bó bá jẹ́ tiwa ni, ṣé ojú wọn á rí báyìí?"

Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Mo ń sọ ọ́ kíá kí ẹ lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń kun ojú ìyàwó ní Abẹ́òkúta. Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kun ojú àwọn òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó máa ń fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì gbá èèyàn ní eegun ìka bí ó bá fi àtíkè ṣòfò. Lọ́jọ́ tí mo ṣe fúrídọ̀mù, mo ti gbà pé kò sí ojú kan láyé yìí tí mi ò lè tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tú àpótí mi fún yín ná, nítorí àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lóde òní ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n á gbé báàgì ńlá dé, wọ́n á tẹ́ búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ bí irinṣẹ́ dókítà tó fẹ́ la ikùn, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá fi ìka ọwọ́ kun ojú náà. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni tèmi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ayàwòrán. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé ni mo ti rà á, torí pé búrọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà, tí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ ẹwà sí i lára, á di ọ̀wọ́n lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni irú èyí tí àwọn bàbá fi ń kun ọṣẹ sí àgbọ̀n kí wọ́n tó fárùngbọ̀n. Mo gé irun rẹ̀ sí ìdajì, kò sì sí ohun tó ń tẹ́ àtíkè bíi tiẹ̀. Ẹ̀kẹta ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé, fún irun ojú.

Fóòmù ńkọ́? Àgékù ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń gé e ní onígun mẹ́ta, mo sì máa ń sè é nínú omi gbígbóná. Ẹni tí kì í se fóòmù rẹ̀, ìdọ̀tí ojú ìyàwó àná ló ń kùn fún ìyàwó òní. Ní ti páńkéèkì, ìyẹn àtíkè líle inú ike tí a ń fi omi díẹ̀ mú, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù kò fún mi ní kóbọ̀ rí, n kò sì ní polówó ọjà wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà wá èyí tí ẹni dúdú lè rí àwọ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò ní jọ ẹni tó sùn sínú eérú. Tìróò mi, òkúta ni mo ń rà lọ́wọ́ ìyá Hausa kan, èmi fúnra mi ni mo ń lọ̀ ọ́. Pẹ́ńsùlù òyìnbó máa ń sunkún kí ìyàwó tó sunkún.

Pẹ̀lú ohun ìjà báyìí, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Iyaro. Mo gbé jígí ńlá kọ́ sí i, mo jókòó. Mo jókòó títí. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń dúró níta, wọ́n ń fi jígí mi tún irun wọn ṣe, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni ọmọge kan tó ń ta bàtà ní Ọjà Santana. Ó jókòó, ó gbé ojú sókè.

"Aunty, abeg, make my face white well well."

"You no white," mo ní. "Why your face go white?"

"Na you get the face?"

Mo fún un ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àwọ̀ ara, lórí ọgbọ́n, àti lórí ohun tí àwọn ará ìlú mi máa ń ṣe. Kí n tó parí, ó ti dìde, ó ti gbọn yẹ̀rì rẹ̀. "Yoruba people too like to talk," ó ní, ó sì lọ síbòmíràn. Mo rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Ojú rẹ̀ funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, inú rẹ̀ sì ń dùn. Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé inú rẹ̀ ń dùn.

Àwọn èèyàn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá pe Bìní ní òkèèrè. Wọ́n á ní, òkèèrè wo ló wà níbi tí èèyàn lè wọkọ̀ láàárọ̀ kó sì jẹun ọ̀sán nílé ìyá rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì ṣe àwàdà láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè yín. Aláwàdà ni mí. Ní Abẹ́òkúta, bí mo bá fi ẹnu gún èèyàn, á dá a padà, a ó jọ rẹ́rìn-ín, oníbàárà á gbàgbé pé mò ń fa irun ojú òun tu. Ní Bìní, n kò ní ju èdè tí mo fi lè ra tòmátì lọ. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí mò ń wí, wọn kò gbọ́ pé mò ń ṣeré. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ mi di èébú bó ṣe ń kúrò lẹ́nu mi. Kí n má purọ́ ṣá, ìdajì rẹ̀ èébú náà ni.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Àwọn Yorùbá tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì kéré níye, ilé ni wọ́n sì ti ń ṣe ìgbéyàwó wọn, wọn kì í ṣe é ní Bìní. Èmi tí mo ń kun ojú ìyàwó mẹ́ta lọ́sẹ̀ wá ń kun ojú àwọn akọrin.

Fóònù alágbèéká kò tíì dé nígbà yẹn. Ilé ìpe-fóònù kan ni a máa ń tò sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Màámi á sì ti lọ dúró nílé aládùúgbò rẹ̀ tó ní fóònù.

"Ṣé ẹ̀ ń jẹun?"

"À ń jẹun, Mà."

"Fẹ́mi dà? Gbé e fún un."

Mo gbé e fún Fẹ́mi, ọmọ ọdún méje. "Grandma, how far?" ó ní.

Màámi ní, "Ta nìyẹn?"

"Fẹ́mi ni, Mà. Ó ń kí yín ni."

"Ṣé ó dọ̀bálẹ̀?"

Mo wo ọmọ mi tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó ń jẹ bisikíìtì. "Ó dọ̀bálẹ̀, Mà."

"Iṣẹ́ ńkọ́? Má purọ́ fún mi. Àwọn ìyàwó ṣì ń béèrè rẹ níbí. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ ń kun ojú èèyàn bí ẹni ń rẹ́lé."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, pẹ̀lú èrò tó tò sẹ́yìn mi: "Màámi, bí Kérésì bá dé tí ìyàwó Bìní kan ṣoṣo kò tíì jókòó síwájú mi, èmi àtàwọn ọmọ ń bọ̀ wálé."

Ọkọ mi gbọ́. A délé. Ìgbà tó ń tú okùn bàtà rẹ̀ ló ní, "Èmi nìkan ni màá wá kù síbí."

"Ẹ ó máa wá wò wá lóṣooṣù."

"Mo gbọ́," ó ní. Ó ń tú okùn bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà lọ.

Oṣù Kọkànlá ni ìyàwó náà dé. Obìnrin ará Òǹdó kan tí òun pẹ̀lú ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní kí n kun ojú òun fún àsè kan, oníbàárà báǹkì wọn kan sì rí i níbẹ̀. Madam ni gbogbo èèyàn ń pè é. GRA ló ń gbé, ó sì fẹ́ fọ́mọ rẹ̀, Itohan, fọ́kọ. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó wò mí láti orí dé bàtà bí ẹni ń wo ẹran tí kò sanra.

"So na you be the Yoruba woman. My friends go full this place that day. All of them get daughters. You understand?"

Ó yé mi yékéyéké. Bí ojú yẹn bá dára, mo ti di ará Bìní. Bí kò bá dára, ọkọ mi á máa dáná fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Madam gbé àpótí kan síwájú mi tó ti òkèèrè dé. Àpótí náà ní iná tirẹ̀, ó ní jígí mẹ́ta, ó ní lípsìtíìkì tó pọ̀ tó ti odidi ṣọ́ọ̀bù. "Use this one," ó ní. "Na from outside." Mo ṣí ọ̀kan. Ó ti gbẹ bí ẹ̀kọ ìjẹta. Mo ṣí òmíràn, ó ń rùn bí epo ìdáná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àpótí náà ṣe tábìlì, mo gbé tèmi lé e lórí.

Ìyàwó Bìní kì í wé gèlè. Wọ́n á kó gbogbo irun rẹ̀ jọ sókè, wọ́n á dì í ró bí adé, wọ́n á wá rán iyùn pupa mọ́ ọn yí ká títí dé iwájú orí. Okuku ni wọ́n ń pè é. Iyùn ti Itohan, ti ìyá ìyá bàbá rẹ̀ ni, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e wá. Ìyá tó máa di okuku náà ti jókòó nínú yàrá kí n tó dé, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ró ìró mọ́ àyà. Abẹ́rẹ́ kan, òwú dúdú àti òòyà onígi tí eyín rẹ̀ méjì ti kán, gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, nínú agolo mílíìkì. Mo wo agolo. Mo wo àpótí mi. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

"Make I first," ìyá náà ní.

"No, Mama. Na face dey first."

Nílé wa, ojú ló ń ṣáájú, gèlè ló ń kẹ́yìn, kí àtíkè má bàa bọ́ sára gèlè. Ẹni tó bá dorí ẹ̀ kodò, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"You don do Bini bride before?"

"Mama, the brides wey I don do, I no fit count am."

"No be wetin I ask you be that." Ó padà jókòó, ó bó ẹ̀pà, ó ń jẹ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kun ojú náà bí ẹni tí wọ́n ń dán wò níwájú ọ̀run. Àwọ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè. Irun ojú rẹ̀, mo ya á bí òṣùpá tuntun. Mo kun ètè rẹ̀ ní pupa rẹ́súrẹ́sú tí àwọn ìyàwó Abẹ́òkúta ń jà sí. Itohan wo jígí.

"Aunty! Na me be this?"

Mo yíjú sí ìyá náà láti rí i bóyá ó gbọ́. Ó gbọ́. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀, ó dìde, ó kó irun Itohan jọ, ó fi orúnkún ti ẹ̀yìn àga, ó sì fà á.

Ojú tí mo kùn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Irun ojú gòkè. Ó tún fà, ó tún gòkè. Ìlà tìróò tẹ̀ lé e, ó fà lọ sọ́nà etí. Nígbà tó rán ìlà iyùn àkọ́kọ́ mọ́ iwájú orí, iyùn àti òṣùpá tuntun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ ara wọn lọ́wọ́. Itohan jọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkọ ìyàwó ní ìyàwó mẹ́ta sílé. Ètè rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn pupa yẹn, ó di ètè aláìsàn.

Mo bẹ ìyá náà pé kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó tún fà á. Okuku tí wọ́n bá dẹ̀, á ṣubú.

Madam ṣílẹ̀kùn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó pariwo. "Jesus! Who frighten my pikin?"

Àwọn ará ilé ọkọ ti ń páàkì mọ́tò níta. A ń gbọ́ ohùn wọn. "Clean am!" Madam ní. "Clean everything! If you no fit, I go carry my own box do am myself!" Ó jáde, ó jan ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ọ̀nà kan ni mo mọ̀ láti nu ojú: òróró dáadáa, omi púpọ̀, kí ìyàwó dorí kodò sórí bàsíà. Itohan kò lè tẹ orí ba mọ́, iyùn ti wúwo lọ́rùn rẹ̀. Bí òróró bá sì kan iyùn àwọn baba wọn, kì í ṣe Abẹ́òkúta nìkan ni màá sá dé. Mo mú fóòmù lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Itohan ti ń wo ojú mi nínú jígí, omi sì ti ń gbá jọ lójú tirẹ̀.

Ìyá náà mú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé iyùn wá. Ó ká a lé ìlà iyùn iwájú orí, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dì í mú.

"Oya, Yoruba. Small small."

Mo ń nù ún ní ìwọ̀n ìbú ìka kan lẹ́ẹ̀kan. Àtíkè kúrò, tìróò kúrò, òṣùpá tuntun wọ̀. Ìka ìyá náà kò yẹ̀ kúrò lójú kan. Nígbà tí ojú náà mọ́, mo na ọwọ́ sí àwọ̀ tí mo kọ́kọ́ lò.

"Look the bead," ó ní. "Na bead go tell you."

Mo wo iyùn. Ó ń ta pupa sí iwájú orí ọmọ náà, páńkéèkì mi yóò sì jọ eérú lábẹ́ rẹ̀. Mo ha díẹ̀ lára lípsìtíìkì pupa, mo pò ó mọ́ páńkéèkì títí tó fi pọ́n bí ilẹ̀ pupa Bìní. Mo rí i pé n kò nílò àwọ̀ mẹ́ta láti gbé ẹrẹ̀kẹ́ sókè. Okuku ti gbé e. Ojú náà ti tẹ́jú, ó ti le, ó ti ga, kí n tó fọwọ́ kàn án. Páńkéèkì fẹ́lẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, tìróò, pupa létè. Ó tán. Ìyá náà ká aṣọ funfun rẹ̀ kúrò, ó sì wò ó. Kò sọ pé ó dára. Ó mú ẹ̀pà rẹ̀.

Itohan jáde síta, ilé sì hó. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ dárúkọ ojú. Okuku ni gbogbo wọn ń wò. Èmi dúró lẹ́bàá ilé ìdáná, mo sì gbọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ Madam kan bi í pé ta ló kun ojú ọmọ yìí.

"We do am for house," Madam ní.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó Bìní ti jókòó síwájú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́? Mo ti sọ̀ jígí kalẹ̀ nígbà tí òjìji kan dí ẹnu ọ̀nà. Ìyá okuku ni. Ó ti béèrè mi káàkiri Iyaro, ó ní òun ń wá Yorùbá tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n júwe mi lójú ẹsẹ̀.

Ó jókòó, ó fa àpótí mi sọ́dọ̀, ó ń yọ nǹkan inú rẹ̀ bí aṣọ́bodè. Ó gbóòórùn ọ̀kan, ó ní, "This one na chalk." Ó tọ́ tìróò wò lẹ́yìn ọwọ́, ó mi orí. Ó rí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Saturday, I get two bride," ó ní. "You go follow me."

"Mama, I spoil the last one."

"All of them dey spoil am. Dem go finish face first, I go pull, dem go vex, carry bag go. People go say na my hand bad." Ó di àpótí náà pa. "You clean am. But na me go first."

Mo ní ìdáhùn mẹ́rin tó mú ṣáṣá lẹ́nu. Mo gbé gbogbo wọn mì. "Yes, Mama."

Mo pe Màámi.

"Ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀? Mo ti ní kí wọ́n gbá yàrá yín."

"A ò bọ̀ mọ́, Mà. Àfi kí a wá kí yín."

 Mo gbọ́ ohùn aládùúgbò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí Màámi tó ní, "Ìyàwó Bìní jókòó síwájú rẹ?"

"Ó jókòó, Mà."

"Ó sì rẹwà?"

"Lẹ́ẹ̀kejì, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí inú ń bí. Kò tún béèrè Fẹ́mi lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo jókòó lórí àpótí mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn tí n kò mọ̀ rí, ìyá náà sì wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyàwó. Ọkùnrin kan gbé páálí ọtí kọjá, ó bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ta ni mí. "Na Mama Okuku person," ìyẹn dá a lóhùn, kò tilẹ̀ wò mí. Èmi tí mo ṣe fúrídọ̀mù l'Ékòó! Mo la ẹnu láti ṣàlàyé ara mi fún wọn, wọ́n sì ti kọjá.

"Yoruba!" ó pè láti inú yàrá. "You dey sleep?"

Mo dìde, mo gbé àpótí mi, mo wọlé lọ.